Àdín Inú Faolíìnì

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Iye ọjọ́ tí faolíìnì náà fi wà lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin nìyẹn, láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún un títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbà á padà. Mo kà á nínú ìwé ìyánilò tí ìgbìmọ̀ ìjọ wa ní Òkìtìpupa ń lò: ọjọ́ tí ó jáde, ọjọ́ tí ó wọlé, ìbuwọ́lùwé méjì. Ìwé náà kò jìnnà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dúró lórí àga ìwàásù láti sọ fún ìjọ pé ọmọ yìí ti ba ohun èlò orin tí ó ti lé ní igba ọdún jẹ́, ohun tí wọ́n kà ni pé ó ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ "fún ìgbà pípẹ́". Mo bi akọ̀wé ìgbìmọ̀ léèrè ìdí tí wọn kò fi dárúkọ iye ọjọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kà nínú ilé Ọlọ́run." Ṣùgbọ́n wọ́n ka orúkọ àbúrò mi níbẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin ni faolíìnì náà fi wà ní ìkáwọ́ ìgbìmọ̀ fúnra wọn. Nípa ọdún mẹ́rin yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ gbólóhùn kan.

Olùkọ́ òyìnbó àgbàlagbà kan, obìnrin, ló ni í. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, àwọn ará ìlú sì ń pe ohun èlò rẹ̀ ní gòjé òyìnbó. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Bí ènìyàn bá fi ojú kan yọjú sínú ihò ikùn rẹ̀, yóò rí ìwé pélébé kan tí orúkọ agbẹ́gilére náà àti ti ìlú rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí yíǹkì rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Olùkọ́ náà kò rà á. Ó sọ fún wa pé ní ilẹ̀ tiwọn, wọn kì í jẹ́ kí irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sùn sínú àpótí: wọn a yá a fún ọ̀dọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n ta jù, òun a lò ó fún ọdún mélòó kan, a sì dá a padà kí ẹlòmíràn lè gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yá a fún òun náà nígbà èwe rẹ̀, kí àwọn tó ni í tó fi í sílẹ̀ fún un pátápátá. Nígbà tí ó ń padà sílé, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ó fi faolíìnì náà sílẹ̀ fún ìjọ wa pé kí wọ́n máa ṣe bákan náà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà tì í. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ lẹ́tà náà fún ìgbìmọ̀, nítorí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà náà, mo sì wá sílé fún ìsinmi. Kò gùn. Ó ní kí wọ́n yá a fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta jù, láìwo ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Ó ní kí wọ́n máa ta á lójoojúmọ́, nítorí pé igi tí a kò bá ta yóò ya odi. Ó sì ní ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ bí kò ṣe aṣọ gbígbẹ. Mo kà á tán, wọ́n ṣe àmín, wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi í sábẹ́ faolíìnì nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àlùfáà. Alága ìgbìmọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́.

Kò sí ẹnikẹ́ni tó jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n yá a fún. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni olùkọ́ òyìnbó náà ti ń kọ́ àbúrò mi. Lọ́jọ́ ìkórè kan, alága fúnra rẹ̀ fi aṣọ ìnujú nu ojú nígbà tí ọmọ náà ń ta á. Ohun tó dí i lọ́wọ́ kò sí ní ìka rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá wa, ìyé mi, ìyá tó bí wa, ṣàìsàn tí a fi rò pé òun náà ń lọ. Àwọn Aládùúrà tí wọ́n ń pàdé nítòsí ilé wa ní Ìlútítun ló gbààwẹ̀ tì í, wọ́n gbàdúrà fún un títí ó fi dìde. Láti ìgbà náà ló ti ń bá wọn jọ́sìn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àbúrò mi a bá a wọ aṣọ funfun, àwọn méjèèjì a rìn lọ láìwọ bàtà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ náà ṣì ń wá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa.

Alága sọ ọ́ ní ìpàdé létí mi. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn lọ lọ́jọ́ Ẹtì ni kò dára. Ẹ jẹ́ kí a ṣì tọ́jú nǹkan náà." Wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé irú ìtọ́jú tí mò ń wí, nítorí ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè má gbà mí gbọ́. Ọ̀pẹ ló ń bọ́ wa. Nǹkan igi tí a bá bọ̀wọ̀ fún ní ilẹ̀ wa, àdín la fi ń kùn ún: odó tuntun, kí ó má bàa sán lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀kùn ilé àgbà, àpótí aṣọ ìyàwó, kí ikán má bàa sún mọ́ ọn. Àga ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dán nítorí àdín. Alága yìí sì ti ra ekùrọ́ àti epo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fún ogún ọdún kí ó tó di ẹni ńlá. Bí o bá kán epo sí àtàǹpàkò rẹ̀, yóò sọ abúlé tí ó ti wá fún ọ. Ó wo faolíìnì, ó rí igi àtijọ́. Ó pàṣẹ fún olùtọ́jú ilé ìjọsìn pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ó bá ti kun àga ìwàásù tán, kí ó fi aṣọ kan náà kun faolíìnì. Bàbá náà kun ikùn rẹ̀, ó kun ẹ̀yìn rẹ̀, ó kun ọrùn rẹ̀ àti èèkàn kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n fi ń fa okùn le. Ó tilẹ̀ fi àdín pa irun ẹṣin tó wà lára ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á, kí irun náà má bàa gbẹ. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ṣe èyí, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

Àdín náà kò ti ibòmíràn wá. Ìyé mi ló ń yan án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, olùtọ́jú ilé ìjọsìn a gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ìlútítun wá gba ìgò kan. "Ìlò ilé Ọlọ́run ni o, Ìyá," ni ó máa ń sọ. Ìyé mi a sì rọra gbọ́n èyí tó kọ́kọ́ yọ, tí kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, sínú ìgò fún un. Inú rẹ̀ dùn pé ìjọ tí ó kọ òun sílẹ̀ nítorí àwọn Aládùúrà kò kọ ohun tí ọwọ́ òun ṣe.

Nígbà kan tí mo wá sílé, alága ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà kí n lè rí i. Nǹkan náà ń dán bíi iwájú orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó ní, "Wò ó! Òyìnbó tó ni í gan-an kò tọ́jú rẹ̀ tó báyìí." Lẹ́tà tí mo túmọ̀ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, àdín ti wọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti ń là á kọjá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni a wà títí ọdún tó ṣáájú ogun abẹ́lé, tí ìròyìn fi dé pé ilé ẹ̀kọ́ orin kan ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbà láìsan owó, àti pé olùdánwò yóò ti Ìbàdàn wá sí Òkìtìpupa láti gbọ́ wọn. Wọn kò ní gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Àbúrò mi yóò pé ogún ọdún ní ọdún náà. Ó ti di olùkọ́ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìlútítun, faolíìnì ilé ẹ̀kọ́ tí ikùn rẹ̀ sán ni ó fi ń ṣe ìdánrawò. Bí kò bá wọlé lọ́dún náà, kò sí ìgbà mìíràn fún un. Ó mọ̀. Gbogbo wa ló mọ̀.

Lẹ́tà mìíràn ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ òyìnbó dé lásìkò náà, ó ń béèrè ẹni tí ó ń ta faolíìnì òun. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fi faolíìnì náà sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n yá a fún àbúrò mi, wọ́n sì fi májẹ̀mú méjì tì í: kò gbọdọ̀ gbé e wọ ọgbà Aládùúrà, kí ó sì dá ti ilé ẹ̀kọ́ padà lójú ẹsẹ̀, kí ọwọ́ kan má bàa di méjì mú. Wọ́n wá ti faolíìnì ilé ẹ̀kọ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù dípò ti òyìnbó.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni ó ti kọ́kọ́ gbé e sí èjìká, lẹ́bàá ibi tí àwọn obìnrin ti ń pa ekùrọ́. Ó fa ọ̀pá sórí okùn. Kò sí ohùn. Irun náà ń yọ̀ lórí okùn bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ irun náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá a, ohùn díẹ̀ sì wá. Ó wò mí.

"Bọ̀dá, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí."

"Bóyá nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ta á kẹ́yìn."

"Bóyá."

Èèkàn rẹ̀ kò dúró. Bí ó bá fa okùn le, a rọra yọ̀ padà. Ó mú ẹfun ìkọ̀wé wá láti ilé ẹ̀kọ́, ó fi pa wọ́n, wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò ronú kan àdín. Báwo ni ì bá ṣe ronú kàn án? Ilé wa, aṣọ wa, irun orí wa, gbogbo rẹ̀ ló ń rùn àdín. Kò sí bí imú rẹ̀ ṣe lè mọ̀ pé faolíìnì gbé tirẹ̀ wá láti Òkìtìpupa.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú alága. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìdánwò náà. Èyí kò fọhùn."

Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ohun tí àwọn òyìnbó ń ta láti ìgbà ìwásẹ̀, ọjọ́ kan ló dé ọwọ́ rẹ ló ya odi? Lọ bá ìka rẹ wí. Tàbí kí o ní kí àwọn wòlíì yín gbàdúrà fún un."

Àwọn tó jókòó tì í bá a rẹ́rìn-ín. Ó padà sílé, ó sì ń ta á láti ìdájí títí di ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá dé, àti láti ìgbà tí wọ́n bá lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọrùn rẹ̀ bó.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Olùdánwò jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru náà. Ìgbìmọ̀ jókòó níwájú pátápátá. Àbúrò mi ta ìlà mẹ́rin, okùn kan sì yọ̀. Ó dúró, ó fà á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì yọ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn sọ pé, "Ẹ bá a so ó mọ́ òpó!" ẹ̀rín sì sọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta yọ̀, kò fà á mọ́. Ó fi okùn kan tó kù ta orin náà dé òpin, pẹ̀lú ohùn abẹ́ ìrọ̀rí yẹn, ó sì tẹríba.

Olùdánwò bọ́ awò ojú rẹ̀. "Arábìnrin," ni ó wí, "mo rí ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ni wọ́n rán mi láti kọ sílẹ̀." Ó sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gba faolíìnì náà, ó wo inú ihò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ta ló da òróró sínú nǹkan yìí?"

Alága dáhùn kí ìbéèrè náà tó balẹ̀. "Àwọn Aládùúrà ni, sà. Wọ́n ti ya á sí mímọ́!"

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bi ara mi bóyá ó mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí ó sọ ọ́. Mo ti wá gbà pé kò mọ̀. Ojú ẹsẹ̀ náà, òróró tí ń ba nǹkan jẹ́ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn nìkan. Tirẹ̀ ìtọ́jú ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n pe ìyé mi wá sí ìpàdé, ni ó mọ̀. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn tí ó mọ̀ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí.

Wọn kò fún ìyé mi ní àga. Alága ní, "Ìyá Aládùúrà, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ kò ní bọ́ bàtà yín ni, àbí ilẹ̀ tiwa kò mọ́ tó?"

"Ẹ kú ìjókòó, Baba. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí ẹ torí ẹ̀ pè mí."

"Òróró àdúrà yín ni ẹ dà sínú ohun ìní ìjọ. Gbà, gbóòórùn rẹ̀, kí o sọ pé irọ́ ni."

Ìyé mi gbé imú sí i. Ojú rẹ̀ là. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. "Háà, ẹ̀yin ènìyàn! Òróró àdúrà kọ́ lèyí. Àdín ni! Àdín tèmi gan-an ni. Kò sẹ́ni tó ń yan ekùrọ́ dúdú tó báyìí ní gbogbo Ìlútítun." Ó yíjú sí olùtọ́jú ilé ìjọsìn. "Èyí tí ẹ máa ń gbà lọ́wọ́ mi kọ́ nìyí, Baba? Ṣé nǹkan yìí ni ẹ ń fi í kùn ni?"

Olùtọ́jú ilé ìjọsìn wo alága. Alága wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gbogbo yàrá náà mọ̀. Bàbá náà wá wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi ò mọ ohun tí ìyá yìí ń sọ."

"Akọ̀wé," ni alága wí, ohùn rẹ̀ tutù, "kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́. Àdín ilé wọn ni." Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi níbi tí mo jókòó sí. "Ọ̀gbẹ́ni yunifásítì, ìwọ lo túmọ̀ lẹ́tà. Ǹjẹ́ ó fàyè gba òróró?"

Mo ní, "Rárá, sà. Aṣọ gbígbẹ nìkan ni."

Òtítọ́ ni. Ó kù díẹ̀ kí n fi kún un pé mo ti rí i tí ó ń dán nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mi ò fi kún un. Ìwé ẹ̀rí ìwà tí n óò fi wọṣẹ́ wà lórí tábìlì alága, kò tíì fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì. Nínú ọkọ̀ tí a bá padà sí Ìlútítun, bí a ti ń rí ilé, ìyé mi ní, "Ọma mi, ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò dára?"

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kà á fún ìjọ. Ọjọ́ Ajé ni ilé ẹ̀kọ́ ní kí àbúrò mi má wá mọ́. Wọ́n kọ̀wé sí olùkọ́ òyìnbó pé àwọn Aládùúrà ti fi òróró ìgbàgbọ́ wọn ba faolíìnì náà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtàtà. Obìnrin náà kọ ìwé kan péré sí àbúrò mi: ó ní òun ti rò pé ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kú ní ọdún kẹta, ohun tí ó gbàgbọ́ sì nìyẹn. Àbúrò mi ń yan àdín pẹ̀lú ìyé mi báyìí. Bí wọ́n bá ń kọrin nínú rédíò aládùúgbò, ó máa ń dìde lọ da ekùrọ́ sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bò ó. Ìyé mi kì í jẹ́ kí ìgò kan jáde mọ́ láìbéèrè ibi tí ó ń lọ.

Ǹ bá má tíì kọ ohunkóhun, kí n sọ òótọ́, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọyẹ́ tó kọjá. Ogun ti parí. Àwọn mọ̀lẹ́bí olùkọ́ òyìnbó tó kú fi ohun èlò méjì mìíràn ránṣẹ́ sí ìjọ wa, àtijọ́ bíi ti àkọ́kọ́: ọ̀kan tóbi ju faolíìnì lọ díẹ̀, èkejì ni èyí tí wọ́n ń jókòó tà ní àárín orúnkún. Wọ́n ní kí wọ́n máa yá wọn fún àwọn ọ̀dọ́. Mo lọ wò wọ́n. Alága kan náà ni, kọ́kọ́rọ́ kan náà. Lórí fọ́ọ̀mù tí ọ̀dọ́ yóò fi tọrọ wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kedere pé ọmọ ìjọ mìíràn kò gbọdọ̀ tọrọ. Olùtọ́jú ilé ìjọsìn tuntun sì wà nídìí wọn, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń wá ibi tí yóò gbé ìgò àdín sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ̀yin mẹ́sàn-án tí ẹ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kà lórí àga ìwàásù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gba ìgò yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin náà lónìí. Ẹ ya fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ gòkè lọ síbi tí ẹ ti ka orúkọ àbúrò mi, kí alága fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ó pàṣẹ àdín, nígbà tí ìyé mi ṣì wà láàyè láti gbọ́. Èmi náà yóò dìde lẹ́yìn rẹ̀, n óò sọ ohun tí mo rí tí mo fi dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí àwọn mọ̀lẹ́bí òkú náà. Kí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ẹni tí ó mọ ohun tí okùn wà fún. Ọ̀dọ́ mẹ́ta wà tí mo ti gbọ́ fúnra mi, láàrin Igbotako sí Ìlútítun, tí ìka wọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń rìn láìwọ bàtà lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fún òun ní èyí tó tóbi jù.